NAS ni àbí server? Ibo ni ká kó fáìlì ilé sí?

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ bàbá kan ní Ìbàdàn:

"Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwa márùn-ún la wà nílé, fóònù mẹ́fà, láptọ́ọ̀pù méjì. Fọ́tò àwọn ọmọ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, fídíò ìgbéyàwó wa, ìwé ilẹ̀ tí mo yà ní fọ́tò, èsì WAEC àkọ́bí mi, gbogbo ẹ̀ fọ́n káàkiri. Google ti kún, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ní kí n wá ra àyè sí i. Mo ní háàdì díìsìkì alágbèéká mẹ́ta. Ọ̀kan já bọ́ láti orí tábìlì lóṣù tó kọjá, kẹ́-kẹ́-kẹ́ ló kù tó ń dún. Àbúrò mi tó wà ní London lóun máa ra NAS oníhò méjì ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti ń gba eruku ní pálọ̀ láti ọdún 2019, kí n sọ ọ́ di server, ọ̀fẹ́ ni. Ìyàwó mi ní àwa ọkùnrin la mọ bí a ṣe ń fi owó ṣeré. Gbogbo ẹrù náà ò ju 1.4 TB lọ. Ínfátà wà nílé. Èwo ni kí n ṣe?"

* * *

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń jà sí. NAS ò ní idán kankan nínú. Kọ̀ǹpútà kékeré ni, tí wọ́n ti to gbogbo ohun tó máa ṣe sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, tó ní ihò méjì tàbí mẹ́rin téèyàn ń ki díìsìkì bọ̀, tí wáyà kan wá so ó mọ́ ráútà. Ẹni tó bá ti wà lórí Wi-Fi ilé á máa rí àwọn fódà inú rẹ̀ bíi pé orí fóònù tiẹ̀ ni wọ́n wà. Server ilé náà, kọ̀ǹpútà ni. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa yan ohun tó máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa gbé e kalẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ máa dìde lóru tó bá yarí. Samba, ètò tí Andrew Tridgell bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà lọ́dún 1992, ni ọ̀pọ̀ NAS fi ń pín fáìlì fún Windows. Òun náà ni server tí ẹ bá fọwọ́ ara yín tò máa lò. Ọbẹ̀ kan náà ni. Ìyàtọ̀ wà nínú ẹni tó dúró ti ààrò.

Mo ti lo méjèèjì, méjèèjì ló sì ti dójú tì mí rí. Fún ilé bíi ti bàbá yìí, NAS ni mo dìbò fún. Ìdí tèmi yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ, màá débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Google yẹn, kí n má gbàgbé: láti June 1, 2021 ni gbogbo fọ́tò tuntun ti ń wọ inú 15 GB ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún yín, tòun ti lẹ́tà orí Gmail. Ìyẹn ló fi ń tètè kún. Fóònù yín ò jẹ̀bi.

* * *

"Ọ̀fẹ́ ni." Ọ̀rọ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá jà, torí ó ju èèyàn mẹ́wàá lọ tó ti sọ ọ́ fún mi.

Kò sí ọ̀fẹ́ níbi tí mítà bá ti ń kà. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́, kó tilẹ̀ jókòó láì ṣe nǹkan kan, á máa jẹ wáàtì 50 sí 70. Ẹ jẹ́ ká mú 60. Tó bá ń tàn tọ̀sán tòru fún ọgbọ̀n ọjọ́, kilowáàtì-wákàtí 43.2 ló jẹ lóṣù. NAS oníhò méjì tó ní díìsìkì méjì nínú, ẹ fi í sí wáàtì 18. Kilowáàtì-wákàtí 13 ni tiẹ̀. Lóṣù Kẹrin ọdún 2024 ni owó iná Band A fò sókè di 225 náírà fún kilowáàtì-wákàtí kan. Ó wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Tá a bá fi 210 ṣírò, server ọ̀fẹ́ yẹn ń gba nǹkan bí 9,070 náírà lóṣù lọ́wọ́ yín, NAS ń gba nǹkan bí 2,720. Lọ́dún, ìyàtọ̀ àárín wọn ju ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rin náírà lọ.

Èyí tó tún wá dùn mí jù owó lọ ni bátìrì. Bátìrì ínfátà kan, èyí tó jẹ́ fólítì 12 (12 V), 200 Ah, tó jẹ́ olómi tàbí tubular, kò dára kéèyàn fà á kọjá ìdajì. Ìdajì yẹn jẹ́ nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 1,200. Wáàtì 60 á fà á tán láàárín ogún wákàtí, kí fáànù kankan tó yí, kí gílóòbù kan tó tàn. NAS nìkan á lo ó fún ọjọ́ méjì ààbọ̀. Nígbà tí iná ò bá wá fún ọjọ́ méjì (gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀), ẹni tí yóò kọ́kọ́ lọ yọ plọ́ọ̀gì server ni ìyàwó ilé, kò sì sí ẹni tó máa bá a wí.

* * *

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Computer Village, n'Ìkẹjà, ti fèsì sí ìṣirò mi yìí nígbà kan rí, ó sì bá mi wí dáadáa. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ta ló tún ń fi àpótí ńlá ṣe server? Ẹ ra tòkunbọ̀ kékeré."

Òótọ́ ló sọ. ThinkCentre Tiny ti Lenovo, EliteDesk Mini ti HP, OptiPlex Micro ti Dell: àwọn ọ́fíìsì òkè òkun ń kó wọn dànù, wọ́n ń wọlé bí ẹja. Wọn ò tóbi ju ìwé bíbélì ńlá lọ, wọ́n sì ń jẹ nǹkan bíi wáàtì mẹ́wàá tí wọ́n bá jókòó. Ẹni tó bá mọ Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, kò sí NAS olówó pọ́ọ́kú tó lè bá wọn sáré. Lórí ọ̀rọ̀ iná, mo túbá.

Ibo wá ni díìsìkì fẹ́ jókòó sí? Ìyẹn ni mo bi í. Inú kóńkóló yẹn ò gba díìsìkì ńlá onínṣì 3.5, ẹyọ kékeré kan ló máa ń gbà pẹ̀lú SSD kan. Ìyókù máa wà níta, lórí USB. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, nígbà tí ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ilé bá ń nu orí kọ́bọ́ọ̀dù, aṣọ á kan wáyà USB, díìsìkì á sá lọ, á tún padà wá. Ẹ wo ojú iná kékeré ara rẹ̀: búlúù, ó pa, búlúù. Windows lè má sọ nǹkan kan. Linux á di fódà náà pa, á ní kíkà nìkan ló kù, kò sẹ́ni tó lè kọ nǹkan sínú rẹ̀ mọ́. Fóònù ìyàwó mi fi ọjọ́ mọ́kànlá gbìyànjú láti kó fọ́tò síbẹ̀, kò wọlé, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Mo ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́ o.

* * *

Iná tó ń lọ. Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀, torí àwọn tó ń kọ̀wé nípa NAS láti Jámánì tàbí Amẹ́ríkà kì í sọ ọ́ tó.

"Ínfátà wà nílé" ni bàbá yìí sọ. Èmi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Tí NEPA bá mú iná lọ, àlàfo bíńtín máa ń wà kí ínfátà tó gbé e. Fáànù ò ní mọ̀. Tẹlifíṣàn ò ní mọ̀. Kọ̀ǹpútà míì á mọ̀, tèmi sì mọ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan, mò ń kó fọ́tò ìsìnkú láti orí láptọ́ọ̀pù lọ sínú server. Mo gbọ́ "ká!" ínfátà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Gílóòbù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Server dákẹ́, díìsìkì inú rẹ̀ ta kẹ́, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń mí ìmí ìkẹyìn, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nígbà tó jí, fọ́tò 212 ló yẹ kó wà nínú fódà yẹn. Orúkọ gbogbo wọn pé. Ọgọ́rin péré ló ṣí. Ìyókù, àwọ̀ eérú ni látòkè délẹ̀.

Ohun tó wo èyí sàn kì í ṣe ínfátà tó tóbi sí i. UPS kékeré tó ní ojú USB ni. Ẹ ki USB rẹ̀ bọ NAS, ẹ lọ sí ibi ètò iná, ẹ fọwọ́ sí i. Láti ìgbà yẹn, tí iná bá lọ tí kò dé kíákíá, UPS á sọ fún NAS, NAS á pa fáìlì dé, á sì pa ara rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ínfátà inú ilé kì í bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: tí bátìrì rẹ̀ bá tán ní aago mẹ́ta òru, ó já nìyẹn. Server náà lè ṣe é, NUT ni orúkọ ètò tó ń bá UPS sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa jókòó tì í tẹ́ ẹ ó fi rí i pé ó gbọ́ràn. Ó gbà mí ní ọjọ́ Sátidé méjì.

Ìkìlọ̀ kan. Bátìrì pẹlẹbẹ tí gbogbo ayé ń lò fún ráútà báyìí, ẹ má fi gbé NAS. Fólítì 12 náà ni lóòótọ́, plọ́ọ̀gì rẹ̀ sì lè wọ̀ ọ́. Àmọ́ díìsìkì ńlá kan ṣoṣo lè fa tó áńpù méjì nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Méjì tó bá jọ fà á pọ̀, bátìrì á kú, NAS á kú, á tún jí, á tún kú.

* * *

Ẹni tó béèrè bóyá eruku ọyẹ́ ń pa wọ́n: bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀díẹ̀. Ẹ fẹ́ fáànù ẹ̀yìn rẹ̀ lóṣù méjì-méjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́ẹ̀kan, ọmọńlé ni mo bá nínú tèmi. Mi ò ní sọ ipò tó wà.

* * *

"Díìsìkì méjì ló wà nínú NAS. Tí ọ̀kan bá kú, èkejì wà níbẹ̀. Ẹ̀dà ti wà nìyẹn." Ibí yìí ni ìjà wà, ibí ni mo sì ti rí àwọn tó gbọ́n jù mí lọ tí wọ́n pàdánù nǹkan.

Díìsìkì méjì tó ń ṣe ohun kan náà pọ̀ (RAID 1 ni wọ́n ń pè é) ń gbà yín lọ́wọ́ ikú díìsìkì kan. Kò gbà yín lọ́wọ́ nǹkan míì. Bí díńgí ló rí: tẹ́ ẹ bá fá irun, ẹni inú díńgí náà ti fárun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún méje, gba fóònù ìyá rẹ̀, ó wọ inú ààpù, ó rí fódà tó gba àyè jù, ó pa á rẹ́ kí géèmù tiẹ̀ lè wọlé. Ìrìn àjò wa sí Òkè Ìdànrè ló wà níbẹ̀. Díìsìkì méjèèjì gbọ́ àṣẹ náà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n jọ ṣe é pọ̀ láì ja ara wọn níyàn.

Ohun tó yọ mí ni pé NAS náà ní ibi ìdàtì, fáìlì tí wọ́n pa rẹ́ á wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wà níbẹ̀ nítorí pé wọ́n ti tò ó síbẹ̀ kí n tó ra á. Lórí server mi, mo mọ̀ pé Btrfs àti ZFS, àwọn ètò tó ń to fáìlì sórí díìsìkì, lè ya àwòrán ipò gbogbo fáìlì lójoojúmọ́, kéèyàn fi lè padà sí bí ó ṣe wà lánàá. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mi ò tíì ráàyè ṣe é ni.

Àwọn tó wá ń sọ pé NAS ti wá dáàbò bò wọ́n, ẹ rántí ọdún 2021. Lóṣù Kẹrin, àwọn jàǹdùkú gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú ọ̀pọ̀ NAS QNAP, wọ́n fi 7-Zip, ètò tó ń di fáìlì pọ̀, ti fáìlì àwọn tó ni wọ́n pa, wọ́n ní kí kálukú san 0.01 Bitcoin. Qlocker ni wọ́n pe èyí. Lóṣù Kẹfà ọdún kan náà, àwọn tó ní My Book Live ti Western Digital, díìsìkì kan tó ń ṣiṣẹ́ bíi NAS, jí, wọ́n bá inú rẹ̀ ní òfìfo, ẹnì kan ti nù ún mọ́ láti òkèèrè. Láti 2015 ni ilé iṣẹ́ náà kò ti ṣàtúnṣe ètò inú rẹ̀ mọ́, àwọn èèyàn ṣì ń lò ó. Oṣù Kìíní 2022 ni DeadBolt tún dé, 0.03 Bitcoin ni tiẹ̀. Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé àwọn ẹ̀rọ náà dojú kọ títì: wọ́n ṣílẹ̀kùn fún gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì. Bí server yín náà bá ṣílẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, ohun kan náà ló máa ṣe é, àyàfi pé kò ní sí ìwé ìròyìn tó máa gbé e.

Nítorí náà: ẹ̀dà kẹta, níbòmíì, tí wáyà rẹ̀ kì í wà nínú iná. Màá padà sórí rẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ yà díẹ̀. Ìyá kan l'Ábẹ́òkúta ní òun ò nílò NAS tàbí server, òun ti ra fúláàṣì 2 TB lábẹ́ afárá, owó rẹ̀ ò tó ti oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan.

Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa ohunkóhun rẹ́ lórí fóònù. Irú fúláàṣì bẹ́ẹ̀, wọ́n ti kọ́ ọ láti máa parọ́. Ó lè jẹ́ 32 GB ló wà nínú rẹ̀. Á gba gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kó fún un, á to orúkọ wọn sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tí ẹ bá wá fẹ́ ṣí wọn, kò sí nǹkan nínú ìkòkò. Ẹ ní kí ọmọ yín fi H2testw dán an wò lórí Windows: á kọ nǹkan kún inú rẹ̀, á sì kà á padà. Ibi tí irọ́ ti bẹ̀rẹ̀, á sọ ọ́.

* * *

Àbúrò London ńkọ́? Ó dájú pé ó fẹ́ máa wo fọ́tò àwọn ọmọ láti ibẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé server ló dára jù torí ó rọrùn láti ṣí sí ayé.

Lórí ráútà 4G àti 5G tí à ń lò níbí, àti lórí Starlink tó dé lóṣù Kìíní 2023, àdírẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń lò kì í sábà jẹ́ tiyín nìkan. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà jáde. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ìta ò lè mọ ilẹ̀kùn tó jẹ́ tiyín, bó ti wù kẹ́ ẹ ṣí i tó. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣí ihò lórí ráútà kí n tó mọ èyí. Ètò kan tó ń jẹ́ Tailscale ló tán ọ̀rọ̀ náà, lórí WireGuard, ètò tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló sì ń ṣiṣẹ́: ẹ fi í sórí NAS, ẹ fi í sórí fóònù London, wọ́n á rí ara wọn bíi pé yàrá kan náà ni wọ́n wà, ẹlòmíì ò sì rí wọn. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí server, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí NAS Synology àti QNAP. Òmì ni.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú kí fáìlì wà nílé, March 14, 2024 ló hàn sí mi. Ọjọ́ yẹn ni àwọn wáyà abẹ́ òkun bíi WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ ní apá etíkun Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì wa sì dà bí ìgbín. Àwọn tí ìwé wọn wà lókè òkun nìkan jókòó, wọ́n ń wo àmì tó ń yí. Ọmọ mi ṣí ìwé ìdánwò rẹ̀ láti inú NAS, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Wi-Fi ilé ò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òkun.

* * *

Ó tó àkókò kí n sọ ìdí mi.

Mo lọ sí Kútọ̀nù fún iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Server ni mo ṣì ń lò nígbà náà, mo sì ń fi í yangàn. Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn àna mi wá sílé: ìrántí ọdún kẹwàá bàbá ìyàwó mi ti ń bọ̀, wọ́n fẹ́ wo fídíò ìsìnkú, wọ́n fẹ́ yan fọ́tò tí wọ́n máa tẹ̀ sára bánà. Ẹni tó fẹ́ tẹ bánà ti jókòó sí pálọ̀, ó ń mu mọ́òtì.

Ìyàwó mi pè mí. "Dádì, kò ṣí."

Iná ti lọ lóru, ó ti dé. Server ti tàn. Àmọ́ bátìrì roboto kékeré tó wà lórí bọ́ọ̀dù rẹ̀, CR2032, ti kú láìjẹ́ pé mo mọ̀, nítorí náà, ó gbàgbé ọjọ́ àti àkókò, ó dúró sójú dúdú, ó ń retí kẹ́nì kan tẹ F1. Kò sí síkírìnnì lára rẹ̀. Kò sí kíbọ́ọ̀dù lára rẹ̀. Ojú iná rẹ̀ ń tàn wáí. Ó gbà wá ní wákàtí kan kó tó yé èmi tí mo wà ní Kútọ̀nù. Wọ́n gbé síkírìnnì láti yàrá àwọn ọmọ, wọ́n wá kíbọ́ọ̀dù kiri. Ó tẹ F1. Ó ṣí dé ìdajì, ó wá ní òun fẹ́ pásíwọ́ọ̀dù díìsìkì, torí mo ti tì í nítorí olè. Pásíwọ́ọ̀dù náà gùn ní lẹ́tà mẹ́rìnlélógún. Mò ń pè é lórí fóònù, nẹ́tíwọ̀kì ń já, àna mi àgbà ń béèrè lẹ́yìn pé kí ló dé.

Lẹ́yìn ìgbà kẹrin, ìyàwó mi dákẹ́. Ó wá sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Fídíò bàbá mi ni. Kì í ṣe fídíò rẹ."

Fọ́tò kan tó wà lórí Facebook ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n fi tẹ bánà. Ó fọ́n. Ojú bàbá náà dà bí ẹni tó wà lábẹ́ omi.

* * *

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí, èsì mẹ́ta ló dé láàárín wákàtí kan, gbogbo wọn láti ọ̀dọ̀ àwọn tó mọṣẹ́. Wọ́n ní ẹ̀bi mi ni. Bátìrì CR2032 ò wọ́n. Kéèyàn wọ BIOS, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń jí, kó sọ fún un pé kó má dúró de kíbọ́ọ̀dù. Kéèyàn fi kọ́kọ́rọ́ díìsìkì sórí fúláàṣì.

Gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà. Mo mọ méjì nínú mẹ́ta tẹ́lẹ̀. Ibi tí mo ti ń bá wọn jiyàn ni pé wọ́n ń dáhùn bíi pé èmi ni mo ni ìṣòro náà. Ìyàwó mi ló ni ín, kò sì béèrè fún BIOS. Server dára fún ẹni tó fẹ́ràn láti máa tún un ṣe. Ayàwòrán kan n'Ìlọrin tó ní 20 TB fọ́tò ìgbéyàwó, mi ò jẹ́ gbà á níyànjú pé kó ra NAS oníhò méjì. TrueNAS, ètò tó ń sọ kọ̀ǹpútà di server ìkófáìlìsí, lórí ZFS ló yẹ ẹ́, torí iṣẹ́ oúnjẹ rẹ̀ ni, yóò sì máa wo ó lójoojúmọ́. Ẹni tó fẹ́ Jellyfin fún fíìmù, Immich fún fọ́tò, Nextcloud fún ìwé, tó sì fẹ́ máa dán nǹkan tuntun wò ní alẹ́ Fúráìdé, kó ṣe server rẹ̀. Àmọ́ kó má kó fọ́tò ìyá ẹlòmíì síbẹ̀ láìsí ibòmíì.

* * *

Bàbá Ìbàdàn ti fèsì. Ó ní àbúrò òun ti sanwó NAS, àǹtí kan máa gbé e bọ̀ nínú ẹrù ọwọ́. Ó béèrè nǹkan mẹ́ta.

Irú díìsìkì wo? Ẹ ra méjì tó jẹ́ 4 TB, kẹ́ ẹ sì rí i pé CMR ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe SMR. Nínú SMR, ojú ìkọ̀wé kan máa ń gun èkejì lórí bíi páànù òrùlé; tó bá di pé kó tún ara rẹ̀ kọ lẹ́yìn tí ẹnì kejì rẹ̀ kú, á máa rákò. Ọdún 2020 ni ariwo ta nígbà tí àwọn èèyàn rí i pé Western Digital ti ń fi SMR sínú àwọn WD Red kan láì sọ fáwọn oníbàárà. Kí àbúrò yín sì wò ó bóyá àpótí náà gba díìsìkì tó wà lọ́jà: ní 2025, Synology ní àwọn NAS Plus tuntun òun ò ní gba díìsìkì tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ òun, ariwo pọ̀, nígbà tó di oṣù Kẹwàá wọ́n yí ohùn padà.

Kí ló dé tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ní NAS ń falẹ̀? Ẹ wo ihò wáyà ẹ̀yìn ráútà yín. Tó bá jẹ́ 100 Mbps, MB 11 ló lè gbé kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 1.4 TB yẹn á sì gba wákàtí márùndínlógójì. Tó bá jẹ́ gígábíìtì, wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ni, bí díìsìkì tí ẹ ń kó láti ibẹ̀ bá yára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi wáyà so láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú ráútà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ gbàgbé Wi-Fi.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ńkọ́, ṣé kó tà á? Rárá. Òun ni ẹ̀dà kẹta tí mo ní màá padà sí. Ẹ ki díìsìkì kan sínú rẹ̀, ẹ gbé e sí yàrá kejì, tàbí ilé ẹ̀gbọ́n yín bó bá wà nítòsí. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ tàn án, kó kó ohun tuntun láti inú NAS, kí ẹ pa á, kẹ́ ẹ yọ plọ́ọ̀gì rẹ̀ lára ògiri. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀ kan, iná tó jẹ ò pé ọgbọ̀n náírà. Olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ò lè dé ibi tí iná kò dé. Tèmi náà ti di bẹ́ẹ̀ báyìí; mo ti pààrọ̀ bátìrì CR2032 rẹ̀, ẹ má bínú.

Ẹ wá mú bébà kan, kì í ṣe fóònù. Ẹ fi bírò kọ ibi tí NAS wà, bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀, orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù, ibi tí díìsìkì kẹta wà. Ẹ fi sínú àpótí tí ìwé ilẹ̀ wà. Tí àǹtí bá sì gbé NAS náà dé, ẹ má dá ṣí páálí rẹ̀. Ẹ pe ìyàwó yín, ẹ fún un ní bébà náà, kẹ́ ẹ lọ jókòó sí yàrá kejì títí yóò fi rí fọ́tò àkọ́bí yín lórí fóònù ara rẹ̀. Bó bá pè yín, ẹ tún bébà náà kọ.